Ìnáwó àti Ohun tí ó Jẹni Lógún: Àgbéyẹ̀wò Ètò Owó Ojoojúmọ́ Láwùjọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lè dárúkọ ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún láyé láìronú pẹ́, ṣùgbọ́n tí ìnáwó rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì. Ó wo àwọn ètò ìfowópamọ́ Yorùbá bíi kóló, àjọ, èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì wo ipò tí ayẹyẹ àti gbèsè wà nínú ìnáwó. Ohun tí iṣẹ́ yìí rí dìmú ni pé ohun tí a bá kọ́kọ́ yọ owó sọ́tọ̀ fún ni owó ń sìn. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn kì í sábà rí owó gbà, bí ó ti wù kí a fẹ́ràn rẹ̀ tó. Iṣẹ́ yìí dá a lábàá pé kí àwọn olùkọ́ lo ìmọ̀ yìí nínú ilé ara wọn, kí wọ́n sì fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́.

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ náà "ìnáwó" ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè Yorùbá òde òní. Èkínní ni níná owó lórí ohunkóhun, ìbáà ṣe gààrí, ìbáà ṣe owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Èkejì ni ayẹyẹ: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìṣílé. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ní ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé, kò sí ẹni tí yóò rò pé iṣu ni ó fẹ́ lọ rà. Owó tí a ná sórí iṣu, owó ọkọ̀ àti owó ìpè fóònù kò ní orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀. "Àtijẹ-àtimu" ni a ń pè é, a sì gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ìtumọ̀ méjì yìí tọ́ka sí ìṣòro kan. Ìnáwó tí ojú ayé rí ni a máa ń gbèrò, tí a ń bá ẹbí jíròrò lé lórí, tí a sì ń kọ sílẹ̀. Ìnáwó tí ó kéré, tí ó sì ń wáyé lójoojúmọ́, máa ń lọ láìsí ìgbèrò. Láàárín méjèèjì ni ohun tí ènìyàn sọ pé ó jẹ òun lógún ti ń sọnù: ẹ̀kọ́ ọmọ, ìtọ́jú òbí, ìlera, ìmọ̀ síwájú sí i, ilé tí ara lè gbà. Olùkọ́ tí ó ń sọ fún ọmọ kíláàsì pé ìwé ni àgbà lè máa ná ọdún kan láìra ìwé kan. Kò purọ́, owó ni kò dé ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

2. Oríkì Àwọn Kókó Ọ̀rọ̀

*Ohun tí ó jẹni lógún* ni ohun tí ènìyàn kà sí pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi yááfì ohun mìíràn nítorí rẹ̀. Ìyááfì yìí ni a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a kàn fẹ́ràn.

*Àpà* ni ẹni tí ó ń ná owó láìwo ẹ̀yìn. *Ahun* ni ẹni tí ó ní owó tí kò lè ná an, àní fún ara rẹ̀. Àwùjọ Yorùbá bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn méjèèjì. Bí a bá wò ó jinlẹ̀, àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe: owó wọn kò sin ohunkóhun. Ti àpà tán kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ti ahun kò kúrò lójú kan. Ẹni tí àwùjọ ń yìn ni ẹni tí ó "mọ owó ná". Nínú gbólóhùn yìí, ìmọ̀ ni a yìn. A kò sọ iye tí ó ná.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "ná" fúnra rẹ̀ yẹ ní àkíyèsí. Òun ni a ń lò nínú "ná owó", òun náà ni a sì ń lò nínú "ná ọjà", èyí tí í ṣe kí a béèrè iye, kí a dúnàádúrà, kí a sì pinnu bóyá ohun tí a fẹ́ rà tó iye tí a ń pè é. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà tí kò ná ọjà, ẹnu iye ni ó ń san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí kò bá bi ìnáwó ojoojúmọ́ rẹ̀ ní ìbéèrè.

3. Ètò Ìyọsọ́tọ̀ Nínú Àṣà Yorùbá

Yorùbá ti ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dáàbò bo ohun tí ó jẹ wọ́n lógún lọ́wọ́ ìnáwó ojoojúmọ́ ṣáájú kí báǹkì tó dé. Ọgbọ́n náà ni kí a mú owó kúrò ní àrọ́wọ́tó kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

*3.1 Kóló.* Kóló alámọ̀ ní ihò tí owó ń gbà wọlé, kò ní ihò tí owó ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó owó inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ ọ. Owó díẹ̀ kọ́ ni yóò mú kí ènìyàn fọ́ kóló. Ó ní láti jẹ́ ohun tí ó tó bẹ́ẹ̀. Kóló kò kọ́ ọmọdé ní ìṣirò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ láti bi ara rẹ̀ pé: "Ǹjẹ́ ohun tí mo fẹ́ rà yìí tó ohun tí a ń fọ́ kóló fún?"

*3.2 Àjọ.* Nínú àjọ, oníbàárà ń dá iye kan fún alájọ lójoojúmọ́, alájọ ń fàmì sí káàdì, ó sì ń kó owó náà fún un ní ìparí oṣù. Dídá ọjọ́ kan ni owó iṣẹ́ alájọ. Bí ìyá alátà kan bá ń dá ₦500 lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ₦15,000; alájọ yóò mú ₦500, ìyá alátà yóò sì gba ₦14,500. Lójú ẹni tí ó mọ ètò báǹkì, èyí lè dà bí àdánù, nítorí pé ẹni tí ó ń fi owó pamọ́ ni ó ń sanwó dípò kí ó gba èlé. Ṣùgbọ́n ìyá alátà mọ ohun tí ó ń rà. Odi tí ó wà láàárín owó àti àwọn tí yóò béèrè fún un ni ó ń rà, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí yóò béèrè. Ewu àjọ ni pé alájọ lè sá lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń wádìí ìwà alájọ kí a tó gbé owó lé e lọ́wọ́.

*3.3 Èésú.* Nínú èésú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnìkan sì ń kó gbogbo rẹ̀ títí yóò fi kárí. Ní ibòmíràn, àjọ náà ni a ń pe èyí. Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, William Bascom sì kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní ọdún 1952. Àṣà yìí bá àwọn ènìyàn tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun: ní Trinidad, *susu* ni a ń pè é, ní Bahamas, *asue*. Agbára èésú wà nínú ìtìjú. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ ti fa ọwọ́ aago ẹlòmíràn sẹ́yìn, nítorí náà ni èésú fi ń ṣáájú ẹran àti aṣọ nínú ọkàn ẹni tí ó ń dá a.

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù nípa owó tí ó sin ohun tí ó jẹni lógún wá láti Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà lóko ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, tí àwọn Yorùbá tí a ń pè ní Nagô pọ̀ láàárín wọn, ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí *junta de alforria*. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti ra ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lóko ẹrú. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Brazil. Àwọn tí ó ń dá owó wọ̀nyí kò ní púpọ̀. Owó kékeré tí wọ́n rí nínú kíkiri ọjà àti ríru ẹrù ní ìgboro ni. Wọ́n mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń yọ owó sọ́tọ̀ fún, wọ́n sì ń yọ ọ́ kí ohun mìíràn tó gbà á.

*3.4 Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.* Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 1935. Láàárín àwọn olùkọ́, inú owó oṣù ni a ti ń yọ owó ẹgbẹ́ kí ó tó dé ọwọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti ṣe àlàyé: àwọn tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́kù. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gba ọ̀nà kan náà, nígbà tí ó là á sílẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àròpọ̀ owó oṣù, owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Bí àpamọ́ bá dúró de ohun tí ó bá ṣẹ́kù, kò ní sí àpamọ́. Èyí ni òye tí ó so kóló, àjọ, èésú àti alájẹṣẹ́kù pọ̀.

4. Ayẹyẹ, Aṣọ Ẹbí àti Àpọ́nlé

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́, nítorí pé àjọṣe pẹ̀lú ẹbí àti ará wà lára ohun tí ó jẹ Yorùbá lógún ní tòótọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní "ènìyàn ni aṣọ mi". Ẹni tí ó bá pa ìnáwó gbogbo ènìyàn jẹ yóò dá wà ní ọjọ́ tí òun náà bá ní ọ̀fọ̀. Owó tí a fi bá ọ̀rẹ́ ṣe ìsìnkú òbí rẹ̀ kì í ṣe òfò. Ìdè ni, ó sì tún jẹ́ ààbò fún ọjọ́ iwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ibi tí àmì ti gba ipò ohun tí ó dúró fún. Òwe sọ pé ènìyàn ni aṣọ; kò sọ pé aṣọ ni ènìyàn. Òwe mìíràn tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé "aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá". Bí àjọṣe bá jẹ́ ohun tí ó jẹ ènìyàn lógún, ọ̀nà láti san án pọ̀: kí a dé ibi òkú ní kùtùkùtù, kí a bá wọn gbé omi, kí a dáná, kí a fún wọn ní ẹ̀bùn tí agbára ká, kí a padà lọ kí wọn lẹ́yìn tí èrò ti túká. Aṣọ ẹbí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ra aṣọ ẹbí mẹ́ta láàárín oṣù kan, tí kò sì ní àkókò láti bá ọ̀kankan nínú àwọn olóhun sọ̀rọ̀, àmì ni ó rà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ fífọ́n owó lé ènìyàn lórí níbi ayẹyẹ. Abala 21 nínú Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Òfin náà ń dáàbò bo bébà owó. Ohun tí òfin kò lè ṣe ni láti sọ fún olówó bóyá àpọ́nlé tí ó ń wá wà níbi tí ó ń fọ́n ọn sí. "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n" ni ìmọ̀ràn tí àwọn àgbà fi sílẹ̀ lórí èyí.

5. Gbèsè Gẹ́gẹ́ bí Ìpinnu Ẹlòmíràn

Bí ètò ìyọsọ́tọ̀ bá jẹ́ kí ènìyàn pinnu kí owó tó dé, gbèsè ń jẹ́ kí ẹlòmíràn ti pinnu fún un. Ẹni tí ó ń ra ọjà láwìn ti ná owó oṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí owó náà bá dé, kò ní ohun tí yóò bi í. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ni àpẹẹrẹ èyí tí ó le jù: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó dúró fún èlé, ojú owó kò sì dín títí a ó fi san án tán. Owó ṣogúndogójì náà kò jìnnà sí i.

Olówó ayé àtijọ́ tún lè rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, kí ó lọ jókòó síbẹ̀, kí ó máa dójú ti ìdílé náà títí wọn yóò fi wá owó. Ológò òde òní ń gba orí fóònù wá. Ní ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù, lẹ́yìn ẹ̀sùn pé àwọn kan lára wọn ń fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ onígbèsè. Ẹni tí ó yá owó bẹ́ẹ̀ láti ra aṣọ tí yóò fi gbayì lè pàdánù iyì náà gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Gbogbo gbèsè kọ́ ni ó burú. Ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù tí a fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tí a fi kún owó òwò lè sin ohun tí ó jẹni lógún. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi gbèsè ni: kí ni yóò ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí a bá san án tán?

6. Ìṣàmúlò: Àkọsílẹ̀ Olùkọ́ Kan

Àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àgbékalẹ̀ fún àlàyé. Kí a gbà pé owó oṣù olùkọ́ kan jẹ́ ₦80,000. Nígbà tí a bi í ní ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún, ó dárúkọ méjì: ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ àti ìtọ́jú ìyá rẹ̀. Ó kọ gbogbo ohun tí ó ná fún oṣù kan sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì lọ báyìí: oúnjẹ ₦30,000, ọkọ̀ ₦18,000, ayẹyẹ ₦15,000, fóònù ₦7,000, gbèsè aáwìn ₦6,000, ìyá ₦4,000. Ohun tí ó yà sọ́tọ̀ fún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò sí rárá. Nínú ₦80,000, ₦4,000 péré, ìyẹn ìdá kan nínú ogún, ni ó lọ síbi ohun méjì tí ó dárúkọ. Ayẹyẹ gba ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ìyá rẹ̀ gbà.

Ní oṣù kejì, ó yí ètò náà padà. Ní ọjọ́ tí owó dé, ó fi ₦6,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ₦8,000 sì lọ sí alájẹṣẹ́kù fún owó ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó tó pín ìyókù: oúnjẹ ₦30,000, ọkọ̀ ₦18,000, gbèsè ₦7,000, ayẹyẹ ₦6,000, fóònù ₦5,000. Ó lọ sí ayẹyẹ tí wọ́n pè é sí, ó mú ẹ̀bùn lọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti ní ni ó wọ̀. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀ sí i pẹ̀lú kọ́bọ̀ kan, oúnjẹ ilé rẹ̀ kò sì dín. Síbẹ̀ ₦14,000 ni ó dé ibi ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́fà owó náà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú àpẹẹrẹ yìí. Èkínní, kí a kọ orúkọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ó jẹni lógún. Bí ó bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí èyí tí yóò ṣáájú. Èkejì, kí a kọ gbogbo ìnáwó oṣù kan sílẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀kẹta, kí a fi àkọsílẹ̀ kejì wé ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin, kí a yọ owó ohun tí ó jẹni lógún ní ọjọ́ tí owó bá dé, kí a sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ kò ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin gòkè láti ₦30,000 ní ọdún 2019 sí ₦70,000 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ náà gòkè gan-an. Ilé tí oúnjẹ àti ọkọ̀ bá ti gba gbogbo owó tán kò ní àpà nínú. Àìtó ni ìṣòro rẹ̀, ìwàásù lórí ìfowópamọ́ kò sì lè wò ó sàn. Àǹfààní àkọsílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé yóò jẹ́ kí tọkọtaya mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ọ̀kan nínú wọn ni ó jẹ owó, yóò sì dín ìjà kù.

7. Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́ wà lára ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá. Bí ó ti sábà ń rí, akẹ́kọ̀ọ́ a máa há oríkì àjọ, èésú, ọ̀wẹ̀ àti àáró sórí, wọn a sì gbà pé ohun àtijọ́ ni. Olùkọ́-ní-ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè yí èyí padà. Ó lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ wá alájọ kan lẹ́nu wò ní ọjà, kí wọ́n ṣe ìṣirò owó iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jíròrò ìdí tí oníbàárà fi ń san án. Ó lè ní kí wọ́n kọ owó ìpápánu wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí oníkálukú wo tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí a ka àkọsílẹ̀ ọmọ kankan sókè, nítorí pé ọmọ tí kò rí owó mú wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wà láàárín wọn.

Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń so èdè, àṣà àti ìṣirò pọ̀. Ó sì tún bá òwe Yorùbá mu, pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àṣà Yorùbá kò ṣàìní ètò tí ó ń mú kí owó tẹ̀lé ọkàn. Kóló, àjọ, èésú àti alájẹṣẹ́kù ń gba owó lọ́wọ́ olówó kí ó tó ní àyè láti ná an sí ibi tí kò gbèrò. Ayẹyẹ kì í ṣe ọ̀tá ètò yìí, níwọ̀n ìgbà tí a bá rántí pé ènìyàn ni a lọ bá níbẹ̀. Gbèsè ni ó ń da ètò náà rú jù, nítorí pé ó ń gba ipò àkọ́kọ́ láìgbàṣẹ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ní tòótọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé kékeré kan àti bírò, ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, kí ó tó ra ohunkóhun.